Bùtíkì oníkásẹ́ẹ̀tì ẹ̀yìn mọ́sálásí Àgùdà ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo): wọn ò fọ ìlù dànù

Kásẹ́ẹ̀tì mọ́kànlá ni mo kó lọ síbẹ̀. Mẹ́wàá ti padà sọ́wọ́ mi, ẹyọ kan ṣì wà lọ́dọ̀ wọn, ẹ máa gbọ́ ìdí rẹ̀ níwájú. Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ júwe ibẹ̀ ná, nítorí kò sí pátákó níwájú bùtíkì náà, àwọn oní-zẹm, ọlọ́kadà tiwa, gan-an ò mọ̀ ọ́n. Tí ẹ bá dé mọ́sálásí àtijọ́ tí àwọn Àgùdà, àwọn tó ti oko ẹrú Brazil padà bọ̀, kọ́, èyí tí àlejò máa ń pè ní ṣọ́ọ̀ṣì títí wọ́n á fi gbọ́ ìrun, ẹ má yà sí ọjà. Ẹ gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ bọ́ sẹ́yìn, ẹ ó rí ìyá kan tó ń ta àkàsà lábẹ́ agbòòrùn. Ilẹ̀kùn tó wà lẹ́yìn ìyá náà, tí wọ́n ta aṣọ aláwọ̀ ewé sí, ibẹ̀ ni. Tí ilẹ̀kùn bá wà ní títì, ẹ bi ìyá alákàsà. Òun ló máa ń mọ̀ bóyá Bàbá lọ jẹun ni àbí wọ́n ń sùn.

Awakọ̀ takisí ni mí, Àjàṣẹ́ sí Kétu, mo ń gba Sàkẹ́tẹ́ àti Pobè kọjá. Lẹ́yìn epo, táyà àti owó ilé ìwé ọmọ, gìtá ló kù tó ń gbà mí lọ́kàn. Kì í ṣe gìtá inú àwo o. Ohun tó wà nínú àwo, gbogbo ayé ti gbọ́ ọ. Orin ojú agbo ni mo ń wá, pàápàá ibi tí onígìtá àlejò bá ti yọjú: ẹni tí kì í ṣe ọmọ ẹgbẹ́ olórin tó ń ṣeré lọ́jọ́ náà, tó kàn wá jẹun bíi tàwọn yòókù, tí ọ̀gá olórin tajú kán rí láàárín èrò, tó ní kó wá fọwọ́ kan nǹkan. Á gòkè, á ta á fún ìṣẹ́jú mẹ́jọ, á sọ̀ kalẹ̀, á padà sídìí ìgò rẹ̀. Kò sẹ́ni tó máa kọ orúkọ rẹ̀ síbì kankan. Ìṣẹ́jú mẹ́jọ yẹn ni mo ń wá kiri.

Àwa mẹ́ta la jọ ń ṣe wèrè yìí. Ọ̀kan jẹ́ aránṣọ ní Wàndó. Lionel Loueke nìkan lòun ń lé. Ọmọ Kutonu ni Loueke, 1973 ni wọ́n bí i, nígbà tó ṣì ń kọ́ṣẹ́ tí okùn gìtá rẹ̀ bá já, wáyà bíréèkì kẹ̀kẹ́ ló máa ń fi rọ́pò rẹ̀. Lónìí, ó ti bá Herbie Hancock, oníjáàsì ọmọ Amẹ́ríkà, rìn káàkiri àgbáyé. Aránṣọ wa kì í wá eré tí Loueke fúnra rẹ̀ pè jọ; ibi tó ti jẹ́ àlejò lórí ìtàgé ẹlòmíràn ló ń kó. Ó ní òun ò nílò kí ẹnikẹ́ni dárúkọ rẹ̀ fún òun: tí ahọ́n bá ti ń ta pọ́-pọ́ lẹ́nu, tí ohùn ń bá ìka rìn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, tí okùn sì ń dún kúkú bí agídìgbo nítorí bébà tó kì bọ abẹ́ rẹ̀, òun ti mọ ẹni tó dé. Mo ti dán an wò lẹ́ẹ̀mẹta, kò ṣì í rí.

Ẹnì kejì jẹ́ tíṣà, ti Amẹ́ríkà lòun ń wò. Òun ló sọ fún mi pé ní oṣù kẹrin ọdún 1971, onígìtá Duane Allman gòkè lọ bá ẹgbẹ́ olórin Grateful Dead ta gìtá ní gbọ̀ngàn Fillmore East, ní New York, àti pé kí oṣù kẹwàá ọdún yẹn tó parí, alùpùpù ti pa á. Ó ní eré yẹn wà, èèyàn lè gbọ́ ọ. Ẹgbẹ́ olórin yẹn kì í lé ẹni tó bá gbé ẹ̀rọ wá gba orin sílẹ̀. Ní 1984 wọ́n tilẹ̀ ya àyè sọ́tọ̀ fún wọn nínú gbọ̀ngàn, kí máìkì wọn má bàa máa dí àwọn tó kù lójú. Láti 2002 ni Internet Archive, ilé ìkówèésí orí íńtánẹ́ẹ̀tì, sì ti ń to irú eré bẹ́ẹ̀ jọ lọ́fẹ̀ẹ́. Ohun tó ń jọ mí lójú jù níbẹ̀ ni ìwé tó máa ń tẹ̀ lé e: máìkì báyìí, wọ́n gbé e sí ibi báyìí, ẹ̀rọ báyìí ló gbà á, ẹni báyìí ló dà á kọ. Tíṣà á kà á sókè bí ẹni ka ìwé mímọ́, aránṣọ á ní kó jẹ́ ká gbọ́ orin.

Tèmi ni jùjú. Ẹ má wulẹ̀ sọ fún mi pé Dẹ́mọ́lá Adépọ̀jù, tó ń ta gìtá Hawaii fún King Sunny Adé, lọ ta á fún Paul Simon, olórin Amẹ́ríkà, nínú àwo Graceland ní 1986. Mo mọ̀, inú mi sì dùn sí i, ṣùgbọ́n àwo ni. Ẹ má sì sọ ti Ginger Baker lọ́dọ̀ Fẹlá ní 1971. Ojú agbo lọ̀hún, òótọ́ ni, àlejò sì ni, àmọ́ onílù ni. Mi ò kà á mọ́ tèmi.

Nílé wa níbí, ẹni tó náwó ló ni kásẹ́ẹ̀tì. Wọ́n á gbé rédíò-kásẹ́ẹ̀tì kan síwájú sípíkà, ọmọdé kan á máa ṣọ́ ọ kó lè yí i padà tí ojú kan bá tán, ilẹ̀ á mọ́, wọ́n á kọ «Ìnáwó Àlàájì» sára rẹ̀ pẹ̀lú bírò, ó di abẹ́ ibùsùn. Níbẹ̀ ló máa wà pẹ̀lú káńfọ̀ títí tí èmi yóò fi gbé ẹnì kan láti Pobè, tí màá fi orin kan sí i nínú ọkọ̀, tí onítọ̀hún á ní, «Irú èyí wà nílé wa.» Gbólóhùn yẹn ni mo máa ń retí. Ó ti jẹ́ kí n gbé èèyàn dé ẹnu ọ̀nà ilé wọn láìgba owó kún owó.

Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe rí kásẹ́ẹ̀tì Màmá Kétu. Oníṣẹ́jú 90 ni, ìpalẹ̀ òkú bàbá ọkọ wọn, 1987. Ẹgbẹ́ jùjú kan tí kò gbé àwo jáde rí ló ṣeré. Màmá ní àlejò kan wà lójú agbo lọ́jọ́ náà tó ta gìtá títí àwọn ọkùnrin fi bọ́ fìlà. Wọn ò mọ orúkọ rẹ̀. Mo gba kásẹ́ẹ̀tì náà bí ẹni gba ọmọ tuntun, mo sì hu ìwà òmùgọ̀ méjì tẹ̀ léra. Àkọ́kọ́, mo kì í bọ rédíò ọkọ̀ mi ní Sàkẹ́tẹ́, rédíò sì jẹ ẹ́. Ẹ̀gbẹ́ títì ni mo ti fi ìka yọ téèpù bí ẹni ń yọ egungun lọ́fun ewúrẹ́, èrò mẹ́rin ń kanra lẹ́yìn mi. Èkejì, mo gbé e lọ sí bùtíkì kan tí mi ò ní dárúkọ, níbi tí ọmọkùnrin kan ti ń da kásẹ́ẹ̀tì kọ sínú kílé USB ní sẹ́fà 500.

Ọmọ náà ò hùwà burúkú sí mi o. Ó dá mi lóhùn dáadáa, ọjọ́ kejì ló ti parí. Ó ní òun ti «fọ̀ ọ́ mọ́» fún mi láìgba owó lé e. Mo gbé kásìkì sétí, ti orin ni mo ń wí, kì í ṣe akoto àwọn oní-zẹm, mo sì gbọ́ orin kan tó mọ́ bí àwo tí ajá lá. Kùùù kúràn, ìró iná mànàmáná, ti lọ. Ariwo èrò ti lọ. Gìtá wà níbẹ̀, ó tín-ín-rín, bí ẹni ń ta á nínú agolo mílíìkì. Ohun tó dùn mí jù ni gángan. Mí nìkan ló kù lára ìlù náà. Dò ti wábi gbà, re ń yọjú bí ẹni tó ń jí nǹkan gbé. Ẹ̀yin náà ẹ mọ̀ pé ìlù tí kò ní dò kò lè sọ̀rọ̀. Kò-kò-kò ló ń dún, bí ẹni ń kan ilẹ̀kùn. Lẹ́yìn náà ni mo wá mọ̀ pé ibi tí kùùù kúràn wà náà ni dò gángan ń gbé, nísàlẹ̀ ohùn lọ́hùn-ún. Ọmọ náà fẹ́ lé kúràn jáde, ó sì lé onílé mọ́ ọn.

Ìyẹn ló gbé mi dé ẹ̀yìn mọ́sálásí. Aránṣọ ló júwe wọn fún mi.

Bàbá tó ni bùtíkì náà ti lé ní ọgọ́ta ọdún. Ẹ̀rọ kásẹ́ẹ̀tì mẹ́ta ló wà níbẹ̀, ọ̀kan ń ṣiṣẹ́, méjì tó kù, ẹ̀yà ara wọn ni wọ́n ń tú fún un. Kọ̀ǹpútà kan, fáànù kan, àti garawa kan tó kún fún ìkarahun kásẹ́ẹ̀tì òfìfo. Yorùbá Bàbá dáa, àmọ́ tí inú bá ń bí wọn Ègùn ni wọ́n fi ń sọ ọ́, tó bá kan owó, wọ́n á bọ́ sí Faransé. Mo kí wọn tán, mo to kásẹ́ẹ̀tì sórí tábìlì, wọn ò fi ọ̀kankan sínú ẹ̀rọ. Wọ́n ń gbé e lọ́kọ̀ọ̀kan sí ojú oòrùn tó ń gba ojú fèrèsé wọlé, wọ́n ń wo inú rẹ̀.

«Èyí ti hu.» Lóòótọ́, funfun kan wà lára téèpù bí èyí tó máa ń hu lára búrẹ́dì tó ti pẹ́. «Èyí, tìmùtìmù rẹ̀ ti jábọ́.» Mi ò tiẹ̀ mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé kásẹ́ẹ̀tì ní tìmùtìmù. Ó ní in: owú kékeré kan lórí irin pẹlẹbẹ, òun ló ń ti téèpù mọ́ orí ẹ̀rọ. Tí kò bá sí níbẹ̀, orin á máa dún bí ẹni tó bo ẹnu. «Ti Kétu yìí, ta ló fún un lọ́rùn báyìí?»

Mo ní rédíò ọkọ̀ ni.

«Ṣófẹ̀,» ni wọ́n pè mí, wọn ò sì sọ nǹkan míì.

Mo bi wọ́n bóyá wọ́n máa fọ ariwo rẹ̀. Wọ́n ní, «Ariwo èwo? Ti téèpù àbí ti àwọn èèyàn? Ti téèpù, mo lè dín in kù díẹ̀, tí o bá fẹ́. Ti àwọn èèyàn, èmi kì í fọwọ́ kàn án.» Láti ìṣẹ́jú yẹn ni mo ti mọ̀ pé mo dé ibi tó yẹ kí n ti kọ́kọ́ wá.

Iṣẹ́ wọn nìyí bí mo ṣe fojú ara mi rí i, nítorí mo jókòó síbẹ̀ ní odindi ọ̀sán ọjọ́ Sátidé kan, ọkọ̀ mi wà lọ́dọ̀ mẹkáníìkì. Wọ́n tú sìkúrúù márùn-ún ara kásẹ́ẹ̀tì Kétu, wọ́n ṣí i bí ìwé. Wọ́n gbé àgbá téèpù méjèèjì sínú ìkarahun mìíràn láti inú garawa. Ibi tí rédíò mi ti ká a kọ́dọrọ, wọ́n fi ẹ̀yìn ṣíbí tẹ́ ẹ lé orí gíláàsì, wọ́n ń ta á díẹ̀díẹ̀, wọn ò mí. Wọ́n yí gbogbo rẹ̀ lọ yí i bọ̀ kí wọ́n tó jẹ́ kó kan orí ẹ̀rọ. Wọ́n fi owú àti sípíríìtì nu orí ẹ̀rọ náà. Èyí tó wù mí jù wá tẹ̀ lé e: sìkúrúù kékeré kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí ẹ̀rọ, ẹ lè fi í tẹ orí náà sọ́tùn-ún tàbí sósì ní ìwọ̀n irun orí. Rédíò tí wọ́n fi gba orin lọ́jọ́sí, orí tirẹ̀ lè ti tẹ̀, nítorí náà orí tiwa gbọ́dọ̀ tẹ̀ bẹ́ẹ̀ kó tó lè kà á. Bàbá dijú, wọ́n ń yí sìkúrúù. Ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ inú orin náà ń dún ṣààà bí òjò lórí páànù. Wọ́n yí i díẹ̀ sí i. Ó ṣì ń dún ṣààà. Wọ́n tún yí i, ló bá di ìlẹ̀kẹ̀, mò ń gbọ́ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan lára akèrègbè. Bàbá la ojú.

Ọ̀rọ̀ eré sísá ló kù. Ìwọ̀n kan ṣoṣo ló yẹ kí gbogbo kásẹ́ẹ̀tì máa fi rìn, sẹ̀ǹtímítà 4.76 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, àmọ́ rédíò ilé kálukú ní ẹsẹ̀ tirẹ̀. Kásẹ́ẹ̀tì mi kan wà tí wọ́n gbà sílẹ̀ níbí, ní Àjàṣẹ́, gìtá inú rẹ̀ wà láàárín ohùn méjì, kò bá ti dùùrù ilé kankan mu. Bàbá bi mí: «Kúràn ìlú ni àbí jẹnẹrétọ̀?» Mo ní kúràn ìlú ni. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n fi hàn mí lójú kọ̀ǹpútà, ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan nísàlẹ̀ tó nà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin: kùùù tí mò ń bú yẹn ni. Kúràn tiwa, ìgbà 50 ló ń gbọ̀n láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, àmọ́ 52 ni ìlà náà wà. Téèpù yìí ń sáré ju bó ṣe yẹ lọ ní ìdá mẹ́rin nínú ọgọ́rùn-ún. Wọ́n fà á padà sí 50, gìtá náà sì jókòó. Kùùù tí ọmọ ìjọ́sí fi dò gángan ṣòfò nítorí rẹ̀ ni Bàbá fi ṣe rúlà.

Ti Kétu kò rí bẹ́ẹ̀. Bátìrì ló gbé rédíò ọjọ́ náà, bátìrì sì ń kú díẹ̀díẹ̀. Bí agbára rẹ̀ ṣe ń relẹ̀, téèpù ń lọ́ra nígbà tí wọ́n ń gbà á. Tí ẹ bá wá gbé e sínú ẹ̀rọ tó lágbára lónìí, orin á máa ga sí i, á máa yára sí i, títí olórin á fi dà bí ọmọdé ní ìparí ojú kejì. Kùùù kankan ò sí tí a lè wọ̀n. Mo rò pé ibẹ̀ lọ̀rọ̀ pin sí. Bàbá ní kí n dákẹ́, kí n gbọ́ agogo. Wọ́n gbé ìró agogo ìbẹ̀rẹ̀ ojú kìíní, wọ́n gbé ti ìparí ojú kejì, wọ́n tò wọ́n tẹ̀ léra. Kéńkẹ́, kéńkẹ́. Ti kejì ga ju ti kìíní lọ kedere. «Onígìtá lè fa okùn rẹ̀ le láàárín eré,» ni Bàbá wí, «onígángan lè fa awọ le. Irin ńkọ́? Ta ló máa fa irin?» Wọ́n wá ń fi agogo yẹn tẹ̀ lé orin náà ní ìṣẹ́jú márùn-ún márùn-ún, wọ́n ń rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ títí agogo gbogbo ojú méjèèjì fi dún bákan náà. Wọ́n sì sọ fún mi láìbò ó pé àwọn gbà pé bátìrì tuntun ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ eré. Tí kò bá rí bẹ́ẹ̀, á jẹ́ pé gbogbo rẹ̀ ló ṣì ga díẹ̀. Ó wù mí bí wọ́n ṣe sọ ọ́.

Ó wá ku àlejò. Ìṣẹ́jú 31 ojú kejì ni. Gìtá olórí ẹgbẹ́ náà dákẹ́ lójijì, agogo àti ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ nìkan ló ń lọ, èrò ń hó. Gìtá mìíràn wọlé. Mo mọ̀ pé ọwọ́ ọ̀tọ̀ ni kí n tó mọ ìdí tí mo fi mọ̀: àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ wà lórí okùn, kò jẹ́ kó gùn, ó ń gé ohùn kúrú-kúrú, okùn kẹta gìtá náà sì ń gbọ̀n jìgìjìgì mọ́ irin ọrùn rẹ̀ nígbà gbogbo tó bá kàn án. Bẹ́ẹ̀ ni gángan bẹ̀rẹ̀, tòun ti dò rẹ̀ lódindi: dò-mí, re-re, mí-dò-mí. Lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹ̀gbá, ọmọ Lísàbí.

Bí òrùlé bùtíkì náà bá ṣí, ǹ bá fò gba ibẹ̀ jáde. Ẹ wo àwọn ará Amẹ́ríkà pẹ̀lú ìwé wọn, máìkì báyìí, ẹ̀rọ báyìí. Onígángan tiwa ti kọ orúkọ ìlú àlejò sórí téèpù láti 1987, ọmọ kan ló sì fẹ́ fọ̀ ọ́ kúrò ní sẹ́fà 500.

Tíṣà ò gbà. Mo fi ránṣẹ́ sí i lálẹ́ ọjọ́ náà, ó dá mi lóhùn pé dò-mí re-re mí-dò-mí náà lè jẹ́ «Ìyá ọmọ, gbé ìdí.» Mo bínú, mo kà á lórí ìka, ó bá a mu pátápátá. Aránṣọ rẹ́rìn-ín títí ó fi gún ara rẹ̀ lábẹ́rẹ́. Ohun tí mo fi dá tíṣà lóhùn ni pé ìlù yẹn ò dún rárá ní ìṣẹ́jú 30 tó ṣáájú, nígbà tí ìyá ọmọ ń gbé ìdí dáadáa. Ìgbà tí àlejò fọwọ́ kan okùn ló tó bẹ̀rẹ̀, ìgbà tó sì sọ̀ kalẹ̀ ló dákẹ́. Síbẹ̀, mo gbé e lọ fún Màmá ní Kétu. Wọ́n gbọ́ ọ lórí fóònù mi lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, wọ́n ní, «Ọmọ Abẹ́òkúta ni. Ìmẹ̀kọ ló gbà wọlé. Ẹní ló fi wé gìtá rẹ̀.» Mo bi wọ́n ìdí tí wọn ò fi sọ bẹ́ẹ̀ fún mi láti ìgbà yìí. Wọ́n ní orúkọ ni mo bi àwọn, mi ò bi àwọn ní ìlú.

Ó yẹ kí n sọ ti aburú bùtíkì náà. Wọ́n ní ọjọ́ mẹ́ta, ọjọ́ mẹ́sàn-án ló gbà. Tí ẹ ò bá sọ nǹkan kan, MP3, fáìlì tí wọ́n ti fún pọ̀, ni wọ́n máa fún yín, torí pé ohun tí ọ̀pọ̀ oníbàárà ń fẹ́ nìyẹn. Ẹ sọ fún wọn láti ìbẹ̀rẹ̀ pé WAV, fáìlì odindi, lẹ fẹ́, kí ẹ sì mú kílé tó láyè lọ́wọ́, nítorí oníṣẹ́jú 90 kan ń gba MB 900 ó lé díẹ̀. Orúkọ tí wọ́n ń fún fáìlì burú jáì: Piste 1, Piste 2, títí dé Piste 20. Kásẹ́ẹ̀tì mẹ́wàá, gbogbo wọn ló ní Piste 1. Mo lo alẹ́ méjì láti fi mọ èyí tó jẹ́ ìsọmọlórúkọ àti èyí tó jẹ́ òkú. Bàbá ò kọ ohunkóhun sílẹ̀ nípa iṣẹ́ tí wọ́n ṣe: ibi tí wọ́n fa orin padà dé, ìkarahun tí wọ́n pààrọ̀, orí ni gbogbo rẹ̀ wà. Mo ti bẹ̀ wọ́n kí wọ́n máa kọ ọ́ sórí bébà kékeré kan. Wọ́n ní àwọn máa ṣe é. Wọn ò tíì ṣe é.

Nǹkan kan wà tí mo tún bi wọ́n tí ọ̀pọ̀ kì í béèrè: ṣé wọ́n ń tọ́jú ẹ̀dà tiwọn? Wọ́n ní àwọn máa ń fi sílẹ̀ fún oṣù kan bóyá kílé oníbàárà bàjẹ́, lẹ́yìn náà wọ́n á pa á rẹ́. Mo fẹ́ gbà wọ́n gbọ́. Òkú ẹlòmíràn ló wà nínú kásẹ́ẹ̀tì yẹn, ẹkún wà níbẹ̀, orúkọ àwọn tó jẹ olóògbé lówó wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Kì í ṣe ohun tí èèyàn ń tà lọ́jà Adjarra.

Owó wọn: sẹ́fà 1,000 fún oníṣẹ́jú 60, 1,500 fún oníṣẹ́jú 90, 500 tí wọ́n bá pààrọ̀ ìkarahun. Mẹ́fà jẹ́ 60, mẹ́rin jẹ́ 90, ìkarahun méjì, gbogbo rẹ̀ jẹ́ 13,000. Wọ́n ń gba mómò, owó orí fóònù. Wọn ò gba owó fún agogo yẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó gbà wọ́n ní ọ̀sán kan gbáko. Mo ra àkàsà àti ẹja díndín fún wọn lọ́dọ̀ ìyá iwájú ilẹ̀kùn. Bí ẹ bá kàn fẹ́ gbọ́ ohùn bàbá yín nínú kásẹ́ẹ̀tì ìgbéyàwó, tí ẹ sì ń kánjú, ẹ lè máà nílò wọn. Bí ẹ bá ní orin ojú agbo, tí ẹ fẹ́ mọ ẹni tó wà níbẹ̀, mi ò mọ ibòmíì tí màá rán yín lọ láti Àjàṣẹ́ dé Kétu.

Kásẹ́ẹ̀tì kọkànlá, èyí tí tìmùtìmù rẹ̀ jábọ́, téèpù rẹ̀ já sí méjì nígbà tí wọ́n ń yí i. Pobè ni wọ́n ti gbà á, kò sí ọdún lára rẹ̀. Mo ti gbàgbé rẹ̀ tán. Bàbá pè mí lánàá, wọn ò kí mi, wọ́n kàn gbé fóònù sẹ́nu sípíkà: gìtá kan tí wọ́n ń gé ohùn rẹ̀ kúrú-kúrú, okùn kan ń gbọ̀n jìgìjìgì mọ́ irin. Wọ́n ní kí n wá ní Jímọ̀ lẹ́yìn ìrun. Mo ti sọ fún àwọn èrò Kétu pé ọkọ̀ mi kò ní kúrò ní Àjàṣẹ́ lọ́jọ́ náà kí aago mẹ́rin tó lù.